Àwòrán Tí Kò Ní Orúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nígbà tí àwọn àgbà pa òwe yìí, ẹ̀rọ ayàwòrán kò tíì dé. Bí ó bá ti dé ni, wọn ìbá fi kún un pé àlejò tí ó gbé ẹ̀rọ kọ́ ọrùn ti fi ojú kan kún méjì, síbẹ̀ kò ríran. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rí òwe náà kò níláti rin ìrìn-àjò jìnnà. Kí ó wo ọwọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ fi ń mú erékùṣù São Tomé àti Príncipe.

Inú òkun Àtìláńtíìkì ni orílẹ̀-èdè kékeré yìí wà, ní gúúsù Nàìjíríà àti ìwọ̀-oòrùn Gàbọ́ọ̀nù. Ní ọdún 2001, òun àti Nàìjíríà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn láti jọ máa wá epo rọ̀bì ní ibi tí omi wọn ti pààlà. Aládùúgbò ni wọ́n. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí arìnrìn-àjò afẹ́ bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń gba ẹnu rẹ̀ kan: níbo ni àwòrán ti dùn ún yà jù lọ?

Ìdáhùn kò ṣòro. Ní gúúsù São Tomé, òkúta gíga kan yọ sókè láàrin igbó bí ìka ọwọ́. Pico Cão Grande ni wọ́n ń pè é, ó sì ga ju mítà 600 lọ sí ìtẹ́jú òkun. Kùrukùru kì í pẹ́ bò ó, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ níláti tètè jí kí ó sì ní sùúrù. Ní etíkun ìlà-oòrùn ni Boca do Inferno wà, níbi tí ìgbì òkun ti ń gba ihò àpáta dúdú kọjá tí ó sì ń tú sókè bí ẹni pé ilẹ̀ ń mí. Ní Ilhéu das Rolas, àlejò lè fi ẹsẹ̀ kan sí apá àríwá ayé kí ó fi èkejì sí apá gúúsù. Ní Príncipe, etíkun Praia Banana tẹ̀ kọrọdọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí a bá wò ó láti orí òkè. Kò sí àní-àní pé àwọn ibi wọ̀nyí rẹwà. Ẹni tí ó bá sọ pé kí àlejò má wò wọ́n, ìlara ni ó ń ṣe.

Ohun tí ó yẹ kí a bá àlejò jà lé lórí ni pé ó ń wo ibi tí ènìyàn ń gbé bí ẹni pé òfìfo ni. Kò sí ibi tí èyí ti hàn tó inú àwọn oko ńlá tí àwọn Potogí ń pè ní roça. Ilé àtijọ́ inú wọn, tí ọ̀dà ara wọn ti ń ṣí, tí ewéko ti ń gùn, ni àwọn ayàwòrán fẹ́ràn jù. Ní Roça Agostinho Neto, wọn a dúró sí ìsàlẹ̀, wọn a kọjú ẹ̀rọ sí ilé ìwòsàn gàgàrà tí ó wà ní òkè, wọn a sì dúró de ìgbà tí oòrùn bá rọ̀. Bí ìyá kan bá sá aṣọ sí iwájú ilé rẹ̀, aṣọ náà di ohun ọ̀ṣọ́ inú àwòrán. Ta ni ìyá náà? Báwo ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe dé ibẹ̀? Wọn kì í bi í.

Ìtàn náà kò fara sin. Nígbà tí àwọn Potogí dé erékùṣù wọ̀nyí ní nǹkan bí ọdún 1470, kò sí ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Láti ilẹ̀ Bìní, láti Kóńgò, àti láti Àǹgólà lẹ́yìn náà, ni wọ́n ti kó ẹrú wá gbin ìrèké. Nígbà tí ó yá, ó di kọfí àti kòkó. Òfin fi òpin sí oko ẹrú ní ọdún 1875, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń kó ènìyàn wá láti Àǹgólà pẹ̀lú ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí òpin rẹ̀. Ní ọdún 1906, Henry Nevinson, akọ̀ròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi pe nǹkan náà ní orúkọ tí ó jẹ́: oko ẹrú. Ní ọdún 1909, ilé iṣẹ́ Cadbury dẹ́kun ríra kòkó São Tomé. Etíkun Fernão Dias pàápàá, tí àlejò lè rò pé yanrìn àti omi lásán ni, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n sí láti ṣe iṣẹ́ àṣekú nígbà ìpakúpa Batepá ní oṣù kejì ọdún 1953. Ọdọọdún ni orílẹ̀-èdè náà ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì. Àlejò tí ó ya àwòrán etíkun yẹn láìmọ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ń jó lórí sàréè.

Ẹ̀wẹ̀, àìbéèrè yìí kì í ṣe tòní. Àwòrán tí ó lókìkí jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n tíì yà ní Príncipe, ojú ọ̀run ni wọ́n yà. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1919, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, Arthur Eddington àti Edwin Cottingham ya àwòrán 16 ní Roça Sundy láti fi mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ máa ń tẹ̀ bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá, gẹ́gẹ́ bí Einstein ti sọ. Kùrukùru bo ojú ọ̀run, àwòrán díẹ̀ ni ó wúlò, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ náà, pẹ̀lú èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yà ní Sobral ní ilẹ̀ Bùràsílì, yí ìmọ̀ ayé padà. Nínú ìròyìn tí wọ́n kọ, wọ́n sọ pé ó kù bí kìlómítà kan tí ó jẹ́ pé àwọn alárù ọmọ ilẹ̀ ni ó ru ẹrù wọn la igbó kọjá. Orúkọ ẹni tí ó ni oko wà nínú ìròyìn náà. Orúkọ alárù kan kò sí níbẹ̀. Wọ́n ka ìràwọ̀ ojú ọ̀run, wọ́n fò ènìyàn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí gan-an ni gbòǹgbò àríyànjiyàn. Pico Cão Grande, Òkè Ajá Ńlá ni ìtumọ̀ rẹ̀. Boca do Inferno, Ẹnu Ọ̀run Àpáàdì. Ilhéu das Rolas, Erékùṣù Àdàbà. Orúkọ Potogí ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ará erékùṣù ní èdè tiwọn: Forro àti Angolar ní São Tomé, Lung'Ie ní Príncipe. Obô, tí wọ́n fi sọ ọgbà igbó ìjọba lórúkọ, ọ̀rọ̀ Forro ni. Igbó kìjikìji ni ó túmọ̀ sí. Nínú Lung'Ie, ìró gb wà, èyí tí Potogí kò ní, tí Yorùbá àti Ẹ̀dó ní. Àwọn onímọ̀ èdè sì ti tọpa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dé ilẹ̀ Ẹ̀dó. Ohùn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìhà tiwa ni ó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Lónìí, àwọn àgbà díẹ̀ ni ó kù tí wọ́n gbọ́ èdè náà dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí àwòrán Praia Banana pọ̀ ju àwọn tí ó ń sọ èdè Príncipe lọ. Ìyẹn ni ó yẹ kí ó dun ènìyàn.

Àwọn kan yóò fèsì pé owó àlejò ń bọ́ erékùṣù náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìbéèrè lé wọn lọ. Òótọ́ ni pé owó dára. Ṣùgbọ́n àlejò tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ilé ìtura àti ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni yóò sanwó fún. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ abúlé tí ó sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un ni owó rẹ̀ ń dé abúlé. Àwọn mìíràn yóò ní àwòrán kì í ṣe ìwé ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ni yóò fi ọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n ti lo Praia Banana rí fún ìpolówó ọtí Bacardi, ọtí tí kò bá Príncipe tan rárá.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò wọ́n, kò sì nira. Kí àlejò kí ènìyàn kí ó tó gbé ẹ̀rọ sókè. Kí ó gba àṣẹ kí ó tó ya ọmọ ọlọ́mọ tàbí ilé onílé. Kí ó béèrè ohun tí àwọn àgbà ń pe ibẹ̀ ní èdè tiwọn, kí ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán rẹ̀. Kí ìjọba ibẹ̀ kọ orúkọ èdè abínibí sí ara pátákó ojú ọ̀nà, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ oko náà di afinimọ̀nà. Èyí kì í ṣe àlá lásán. Ní Roça São João dos Angolares, João Carlos Silva, ọmọ ilẹ̀ náà tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú oúnjẹ sísè, ti sọ ilé oko àtijọ́ di ilé oúnjẹ, ilé àlejò àti ilé iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí ẹwà, yóò sì bá ẹni tí ó ni ẹwà náà sọ̀rọ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá wo ilé títí, tí ó ya àwòrán rẹ̀ láti iwájú àti láti ẹ̀yìn, tí kò sì béèrè orúkọ ọmọ inú rẹ̀, kò tíì dé ilé náà.