Eku ti kú. Oògùn eku tó kù ńkọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, àti gbogbo ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní oko níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

1. Eku wọ àká, ó ba àgbàdo jẹ́, ó ya àpò gààrí. A ra oògùn, a dẹ ẹ́, eku kú. Gbogbo wa mọ ibẹ̀ yẹn dáadáa. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ọ̀rá ni kì í sẹ́ni tó ń bèèrè.

2. Ṣé kí n sọ ibi tó wà? Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wà nínú agolo mílíìkì tí kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ó wà nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n so mọ́ ajà ahéré. Ọmọdé ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èlùbọ́ o.

3. Ẹlòmíì á ní, "Mo ti dà á sódò." Odò wo? Odò Ọ̀tìn yìí kan náà ni wọ́n sé ní Èkó-Èndé kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè rí omi mu. Èyí tí ẹ dà sí ṣáláńgá náà lè wá kànga yín rí.

4. "Mo sun ún ńkọ́?" Ẹ má dán an wò. Èéfín rẹ̀ gan-an oró ni. Ìyẹ̀fun dúdú tó ń jẹ́ zinc phosphide, bí omi bá kàn án, gáàsì olóró tó ń gbiná ló ń tú jáde. Èyí tí ẹ sì dà sí ààtàn, adìyẹ àti ewúrẹ́ ló máa kọ́kọ́ débẹ̀.

5. Ọ̀rọ̀ òkété wá. Àwọn oògùn bíi brodifacoum, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Òkété tó jẹ ẹ́ lónìí ṣì lè máa rìn lọ́túnla. Ọdẹ á pa á, ẹnì kan á rà á, ó di ọbẹ̀. Ẹ rò ó wò.

6. Nítorí náà, ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ máa lò. Ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ nínú ọ̀rá tàbí ike tí wọ́n tà á, ẹ kọ MÁJÈLÉ sí i gàdàgbà, ẹ tì í mọ́ inú àpótí, kó jìnnà sí oúnjẹ. Bí àgbẹ̀ kan nítòsí bá nílò rẹ̀, ẹ gbé e fún un pẹ̀lú ìwé ara rẹ̀. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ kó òkú eku, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jìn, níbi tó jìnnà sí kànga.

7. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ọsíbítù ni o! Kí ẹ sì mú ọ̀rá oògùn náà dání.

8. Èrò tèmi nìyí: ẹni tó tà á ló yẹ kó máa gbà á padà. Lọ́dún 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta Sniper 100 ml lọ́jà gbangba àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì mọ́. Oògùn kòkòrò nìyẹn, àmọ́ ó fi hàn pé ìjọba lè sọ ibi tí wọ́n ti máa ta májèlé. Kí ló dé tí wọn ò lè sọ ibi tí a máa dá a padà sí? Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn gbé dúrọ́ọ̀mù onítìí kọ̀ọ̀kan sí ọ́fíìsì àgbẹ̀, kí àwọn tó ń ta oògùn oko máa kó o wá síbẹ̀.

9. Ẹ lè ní, "Owó ni mo fi rà á, mi ò lè dá a padà lásán." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n èló ni oògùn eku, èló ni ewúrẹ́ kan? Ká má tíì dárúkọ ọmọ.

10. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ pe ilé lálẹ́ òní, ẹ bi wọ́n pé: "Oògùn eku ìjọsí, ibo ló wà?"