Ta Ni Bàbá Elizabeth?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. N kò bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yìí mo fẹ́ sọ fún yín bí àrọ́bá ṣe gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1620, ọkọ̀ Mayflower gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú èrò 102. Ọ̀kan nínú wọn ni John Howland, ọmọ ọ̀dọ̀ John Carver, ẹni tí ó di gómìnà kìíní ní Plymouth. Lójú agbami, ìjì gbé Howland jù sínú òkun. Orí kó o yọ: ó rí okùn ìgbòkun kan dì mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi fà á gòkè. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ Elizabeth, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wá nínú ọkọ̀ náà, wọ́n sì bí ọmọ 10.

Nígbà tí àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ń tọ ipasẹ̀ ìdílé wọn, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ọmọ Gómìnà Carver ni Elizabeth. Ta ni kì í fẹ́ bá gómìnà tan? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì di òtítọ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. William Bradford, tí ó di gómìnà lẹ́yìn Carver, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn Plymouth, ó sì to orúkọ àwọn èrò Mayflower sínú rẹ̀. Ìwé náà sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1855 ni wọ́n rí i ní Fulham, nínú ilé ìkàwé Bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1856. Ohun tí Bradford kọ ni pé ọmọ John Tilley ni Elizabeth.

Ta ni Tilley? Òun náà bá Mayflower wá. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kú kò pẹ́ tí wọ́n gúnlẹ̀, nínú ìgbà òtútù tí ó pa bí ìdajì àwọn èrò náà. Wọ́n fi ọmọ wọn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ àjèjì. Èyí ni ó dùn mí jù: ọkùnrin náà pàdánù ẹ̀mí rẹ̀, orúkọ ńlá ẹlòmíràn sì tún fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá irú baba ńlá bẹ́ẹ̀, kí ó gba ìmọ̀ràn mi. Kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni ńlá. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara rẹ̀, kí ó máa gun òkè ní ìran kọ̀ọ̀kan, kí ó sì máa béèrè ìwé: ìwé ìlú, ìwé ìjọ, ìwé ilẹ̀, ìwé ogún. Elizabeth ṣe ìwé ogún ní 1686, ó sì dárúkọ ọmọ rẹ̀ mélòó kan níbẹ̀.

Kí ó má ṣe jẹ́ kí orúkọ tàn án. Arthur àti Henry, àbúrò òun ẹ̀gbọ́n John Howland, wá sí Plymouth pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń jẹ́ Howland ni John bí.

Kí ó sì ṣọ́ra fún ọjọ́. John Howland kú ní 23 Fẹ́búárì, ọdún 1672/73. Ikú kan ni, kì í ṣe méjì. Títí di 1752, 25 Máàṣì ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1672 ni lọ́dọ̀ tiwọn, 1673 ni lọ́dọ̀ tiwa.

Baba tí ó bí ni ni baba ẹni, ìbáà jẹ́ gómìnà, ìbáà jẹ́ ẹni tí òtútù pa. Ó dìgbà kan ná.