Yíyan Ọmọ Lódì Nílé-Ẹ̀kọ́: Ìwà Ìkà tí Kì í Dá Àpá Sára

Yíyan ọmọ lódì jẹ́ ìwà ìkà tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọbìnrin nílé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kì í sábà kà á sí ìyà. Wọn kò na ẹnikẹ́ni, aṣọ kò ya, ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ọmọ kan dé ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí, ọ̀rọ̀ bá dákẹ́. Wọ́n ń pín ara wọn sí ọ̀wọ́ fún iṣẹ́, kò sẹ́ni tó pè é. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó bá níbẹ̀ dìde. Wọ́n ń yọ ṣùtì sí i, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn, wọ́n sì ń halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá bá a sọ̀rọ̀ pé òun náà yóò fara gbá.

Ní 1995, Nicki Crick àti Jennifer Grotpeter, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ọmọdé ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ọ̀nà yìí ni àwọn ọmọbìnrin sábà máa ń gbà bá ara wọn jà: wọn kì í ju ẹ̀ṣẹ́, ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ìròyìn tí UNESCO gbé jáde ní 2019 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó ní nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta káàkiri ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fìyà jẹ láàárín oṣù kan. Ti ọkùnrin sábà máa ń jẹ́ ìyà ara, ti obìnrin a sì máa jẹ́ ìyà ọkàn.

Ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, aṣọ kaki ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń wọ̀, kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà lè rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ojú ọmọdé ń ríran kọjá aṣọ. Wọ́n ń rí bàtà tó ti jẹ, àpò tó ti gbó, àti ọmọ tí kò lówó oúnjẹ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yí olóúnjẹ ká. Ìlú elédè púpọ̀ sì ni Àjàṣẹ́. Ègùn àti Yorùbá gbilẹ̀ nílé àti lọ́jà, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní kíláàsì. Ọmọ tí Faransé rẹ̀ kò já geere a di ẹni ẹ̀rín. Àwọn àgbà ló sì kọ́kọ́ fi irú ìwà yìí lélẹ̀: láyé ìjọba Faransé, àti lẹ́yìn òmìnira 1960 pàápàá, wọ́n máa ń fi ohun àbùkù kan tí wọ́n ń pè ní “signal” kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Òun náà á wá máa ṣọ́ ẹlòmíràn tó bá ṣèèṣì, kó lè gbé e fún un.

Ọmọ mìíràn tí wọ́n máa ń yọ sẹ́yìn ni vidomègon, ìyẹn ọmọ tí òbí fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èyí tó bá ráyè lọ sílé-ẹ̀kọ́ nínú wọn lè ní iṣẹ́ ilé tàbí ọjà kíkiri lọ́rùn kó tó lọ àti lẹ́yìn tó bá dé. Kò ráyè eré, kò sì ní ìyá nítòsí tí yóò sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ fún.

Ìpalára ìwà yìí kì í ṣe àròsọ. Ní 2003, Naomi Eisenberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ àwọn ènìyàn wò nígbà tí wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọn kò ta bọ́ọ̀lù sí ẹnìkan mọ́, apá ọpọlọ rẹ̀ kan tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà ìrora ara bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Bí eré àwọn àjèjì bá lè ṣe èyí, ti ẹgbẹ́ tí ọmọ ń rí lójoojúmọ́ kọjá bẹ́ẹ̀. Inú a máa run ún láàárọ̀, a máa pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ, èsì ìdánwò rẹ̀ a sì lọ sílẹ̀. Òbí tí kò mọ ìdí rẹ̀ a pè é ní ọ̀lẹ.

Àwọn tó ń wòran ló ń mú un dúró. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2001, wọ́n ya fídíò àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ níbi eré. Nínú 88 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ kan, àwọn ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà 19 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹnìkan dá sí i. Nígbà tí wọ́n bá sì dá sí i, ó lé ní ìdajì ìgbà tí ìyà náà dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Kò gba akin. Kí ọmọ kan ṣáà sún fún ẹni tí wọ́n yàn lódì kó jókòó, kó pè é sínú eré, tàbí kó kọ̀ láti gbé òfófó náà lọ.

Olùkọ́ náà ní ipa tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni kó máa pín ọmọ sí ọ̀wọ́, kó má fi í sọ́wọ́ àwọn tó gbajúmọ̀. Kó má pe ẹni tó ṣe é àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí síwájú kíláàsì kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, nítorí ìtìjú yẹn lè dá kún ìyà náà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó gbọ́ tẹnu wọn. Vivian Paley, olùkọ́ ọmọdé ní Chicago, ṣe òfin kan fún kíláàsì rẹ̀ pé kò sí ọmọ tó lè sọ fún ọmọ mìíràn pé kò lè bá wọn ṣeré, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1992.

Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìyá tó ń pe ọmọ aládùúgbò ní ọmọ tálákà létí ọmọ rẹ̀ ti fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lọ́la. Bí ọmọ bá ní wọ́n yan òun lódì, kí òbí má sọ pé eré ọmọdé ni. Kó gbọ́ ọ tán, kó lọ bá olùkọ́, kó má lọ bá ìyá ọmọ kejì jà. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tirẹ̀ ló ń ṣe é, kó má gbè sẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di àtẹ̀jíṣẹ́ ìhàlẹ̀ lórí WhatsApp, kó tọ́jú rẹ̀ kó má pa á rẹ́, nítorí òfin ayélujára Benin ti 2018 ka irú ìyọlẹ́nu bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Nọ́ńbà 138 náà wà ní Benin tí ọmọ tàbí àgbà lè pè fún ìrànlọ́wọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí òbí àti olùkọ́ Àjàṣẹ́ bi ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan léèrè ẹni tó jẹun pẹ̀lú rẹ̀ lónìí, àti ẹni tó dá jẹun.