Kí A Tó Mọ Odi sí Etíkun Ìlàjẹ

Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 dé orí Òkè Ìdànrè kò ní rí òkun rárá. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ló ni àpáta yìí àti etíkun Ìlàjẹ, níbi tí òkun ti ń gba ilẹ̀ mọ́ àwọn ará Ayétòrò lọ́wọ́. Owó tí a ó fi gbà wọ́n là, owó gbogbo wa ni. Ó yẹ kí àwa ará Ìdànrè náà mọ ohun tó ń jẹ ilẹ̀ ọ̀hún.

Àpáta Ìdànrè, gíránáìtì ni. Oòrùn àti òjò ń fọ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀: apá kan ń di amọ̀, èyí tó le jù nínú rẹ̀ ń di yanrìn. Àgbàrá á gbá a sínú odò, odò á gbé e lọ sísàlẹ̀. Bí yanrìn ṣe ń dé etíkun nìyẹn. Etíkun sì dà bí àpò owó àgbẹ̀ oníkòkó: bí èyí tó ń jáde bá ju èyí tó ń wọlé lọ, àpò á gbẹ. Ìgbà náà ni ìgbì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀.

Lágbègbè wa, ẹ̀gbẹ́ ni ìgbì fi ń kọlu ilẹ̀. Ó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀, ó sì ń ti yanrìn lọ sí ìlà-oòrùn, láti Lomé gba Kútọnu kọjá dé Èkó. Ohun tó bá dínà fún un á kó yanrìn jọ sápá kan, á sì fi ebi pa apá kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ìjọba òyìnbó fi òkúta mọ odi wọnú òkun l'Ékòó kí ọkọ̀ ojú omi lè wọ èbúté. Yanrìn kóra jọ sí ìwọ̀-oòrùn odi náà. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní ìlà-oòrùn. Léraléra ni wọ́n da yanrìn síbẹ̀, léraléra ni òkun kó o lọ. Ní Gánà, ìsédò Akosombo tí wọ́n parí ní 1965 há yanrìn odò Volta mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ìṣòro ìlú Keta létíkun, tí òkun ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, sì le sí i.

Ọ̀rọ̀ Ayétòrò tún yàtọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ẹni tó fẹ́ mọ odi ti lè wọlé. Ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947 yìí, orí ẹrẹ̀ ló wà. Ẹrẹ̀ fúyẹ́: ìgbì tí kò le pàápàá lè rú u sókè gbé lọ, òkúta ńlá tí a bá sì tò lé e lórí lè rì. Òkun àgbáyé fúnra rẹ̀ ga ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà láàárín 1901 sí 2018. Ní Awóyè, ìlú mìíràn ní etíkun Ìlàjẹ, ipa omi tí àwọn iléeṣẹ́ epo rọ̀bì gbẹ́ jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú igbó tí omi rẹ̀ kò níyọ̀. Igi kú, gbòǹgbò tó di ilẹ̀ mú sì jẹrà.

NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ààbò Ayétòrò fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004. Ní 2024, òkun ṣì ń wó ilé níbẹ̀.

Lójú tèmi, ìwọ̀n ló yẹ kó ṣáájú odi: báwo ni omi ṣe jìn tó, ibo ni ẹrẹ̀ ń gbà lọ, oṣù wo ni ìgbì le jù? A ní àwọn onímọ̀ òkun ní yunifásítì FUTA l'Ákùúrẹ́ àti ní NIOMR, ilé ìwádìí nípa òkun, l'Ékòó. Odi òkúta nìkan kọ́ ni ọ̀nà: ní Vietnam àti Suriname, ọgbà onígi tàbí ọparun ni wọ́n ń rì sínú omi etíkun ẹlẹ́rẹ̀. Omi á gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹrẹ̀ á jókòó, igi mangrove á sì hù lé e. Ìyẹn nìkan kò ní tó níbi tí agbami ti kọjú sí ìlú tààrà. Níbẹ̀, odi tí a ṣe fún ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ṣì pọn dandan, àwọn ilé mìíràn sì ní láti sún sẹ́yìn. Ìdànrè mọ bí ìyẹn ti rí. Àwọn bàbá wa ṣí kúrò lórí òkè, ààfin àtijọ́ sì wà níbẹ̀ di òní. Kò sẹ́ni tó yẹ kó ṣí àwọn ará Ayétòrò nípò láìjẹ́ pé àwọn ará Ayétòrò fúnra wọn jókòó síbi tí wọ́n ti ń pinnu.

Ẹ̀yin aṣòfin wa l'Ákùúrẹ́, nígbà tí ìwé iṣẹ́ etíkun mìíràn bá dé iwájú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé ìwọ̀n kí ẹ tó fọwọ́ sí owó.