Ẹ Wo Ìsàlẹ̀ Báàgì Ọmọ Yín

Obìnrin kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé kan." Nígbà tí mo máa débẹ̀, ó ti da gbogbo ohun tó wà nínú báàgì ọmọ rẹ̀ sórí tábìlì: èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú, ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan, pẹ́ńsùlù mẹ́ta tí kò lẹ́nu mọ́, àti lẹ́tà mẹ́rin láti ilé ẹ̀kọ́ tí júùsì ti dà sí, tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. Ọbẹ la fi là wọ́n. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti lé lóṣù méjì. Fọ́ọ̀mù oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ọdún 11 tó ni báàgì dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Mo bi ìyá rẹ̀ pé ṣé kò rí i ni. Ó ní, "Wọ́n tiẹ̀ ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo pa á rẹ́ ni. Àwa ò gbọdọ̀ gba nǹkan ìjọba, Àǹtí. Ó wà nínú físà wa."

Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ dé Ìlú Ọba sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò parọ́, àmọ́ ìdajì òótọ́ ló gbá mú. Lára físà iṣẹ́ àti físà akẹ́kọ̀ọ́ ni lẹ́tà mẹ́rin kan máa ń wà tí àwọn èèyàn wa mọ̀ bí ẹni mowó: NRPF. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó ni físà náà kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ àpò owó ìrànwọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ìjọba kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ka ohun tó wà nínú àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Child Benefit wà níbẹ̀. Universal Credit wà níbẹ̀. Ilé káńsù náà wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò sí níbẹ̀. Dókítà àdúgbò kò sí níbẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ọmọ nílé ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìkàwé.

Nítorí náà, bí aládùúgbò bá ní kí ẹ lọ gba Child Benefit torí pé òun ń gbà á, ẹ dákun, ẹ má lọ. Ìwé tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí tiyín, ohun tó tọ́ sí i lè ba físà tiyín jẹ́. Àmọ́ ẹ má tìtorí èyí sá fún ohun tí kò sẹ́ni tó fi dù yín.

Ẹ jẹ́ ká tibi oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ tí ebi ń pa kò gbọ́ ìṣirò. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 ni ọmọ tó bá wà ní Reception, Year 1 àti Year 2 nílé ẹ̀kọ́ ìjọba ní England ti ń jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́, ì báà jẹ́ olówó ni òbí rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, owó tí Sadiq Khan, olórí ìlú náà, gbé kalẹ̀ ti mú un dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Àwọn tó ti kúrò níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù kàn jù. Ní ọdún 2022, ìjọba fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ àwọn tó ní NRPF náà lè jẹ ẹ́, bí owó tó ń wọlé fún ìdílé náà kò bá kọjá iye tí wọ́n là sílẹ̀. Ìwé owó oṣù àti ìwé báńkì ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹni tójú ń tì, ẹ gbọ́ èyí. Ọmọ tórúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé oúnjẹ ọ̀fẹ́, ìjọba a máa bu owó kún owó ilé ẹ̀kọ́ nítorí rẹ̀. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, £1,480 ni lórí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, £1,050 lórí ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ tó ń fi lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín kò fojú alágbe wò yín rárá. Ó ń wá fọ́ọ̀mù yín lójú méjèèjì ni.

Àwọn míì tilẹ̀ wà tí ọmọ wọn kò tíì dé ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n dé ní oṣù Kejì, wọ́n ní àwọn yóò dúró di oṣù Kẹsàn-án tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko, ọmọ ń bá tẹlifíṣàn ṣeré! Kò sí ìdí fún ìdúró yìí. Ẹ lè kọ̀wé sí káńsù tàbí ilé ẹ̀kọ́ nígbàkígbà láàárín ọdún, kí wọ́n sì wá àyè fún ọmọ. Àwọn tó ń wọlé lásìkò tí gbogbo ayé ń wọlé ni gbèdéke wà fún: ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá fún sẹ́kọ́ńdírì, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìjà tún máa ń wà lórí kíláàsì. Ọjọ́ ìbí ni wọ́n fi ń pín ọmọ níbí, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti wọ JSS 1 n'Íbàdàn, Year 5 tàbí Year 6 ló ń lọ. Mo ti rí bàbá tó fẹ́ wó ọ́fíìsì lulẹ̀ pé wọ́n dá ọmọ òun padà sẹ́yìn. Sà, wọn ò dá a padà. Àwa la sáré jù nílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù lójú mi nìyí. Obìnrin tí mo ń sọ yìí, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ó ti bẹ̀ mí rí pé kí ọmọ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi títí di Kérésì. Nílé, ta ló máa ṣe ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn? Ṣé kì í ṣe àǹtí rẹ̀ ni mo jẹ́ ni? Àmọ́ èmi àti rẹ̀ kò bá ara wa tan. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti mọra. Lójú òfin ibí, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí ti bàbá gan-an ni àǹtí. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá gbé ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀, òbí òbí rẹ̀, ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá rẹ̀, tàbí irú àǹtí àti àǹkù bẹ́ẹ̀, káńsù gbọ́dọ̀ gbọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú tó yẹ kí ẹ ti sọ fún wọn.

Àwọn èèyàn wa ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà a máa polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá alágbàtọ́, wọn a sì gbé ọmọ ọwọ́ fún ìdílé òyìnbó tí wọn kò mọ̀ rí. Àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ rere. Àwọn kan kò bọ́ sí i. Nígbà tí Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Ivory Coast, kú sọ́wọ́ ìyà ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọ̀dọ̀ àǹtí bàbá rẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá ní káńsù ń yọjú sọ́rọ̀ ilé onílé, kí ó rántí ọmọ yẹn kó tó bínú.

Ta wá ni kí ẹ bi? Ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Púpọ̀ nínú wọn ló ní òṣìṣẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé, Family Support Worker ni wọ́n sábà ń pè é. Ẹni yìí ló mọ ibi tí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àlòkù wà, òun náà ló lè kọ ìwé tí ẹ ó mú lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ bí oṣù bá le. Citizens Advice kì í gba kọ́bọ̀. Dókítà àdúgbò kò nílò láti rí ìwé ilé tàbí físà kó tó kọrúkọ yín sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ ọdún 11 sí 15 tó bá ti ní káàdì Zip. Ọ̀rọ̀ físà nìkan ni kí ẹ má gbé dé ọ̀dọ̀ "Bọ̀dá tó mọ̀ ọ́n ṣe": láti ìgbà òfin ọdún 1999, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí kò níwèé àṣẹ máa gbani nímọ̀ràn lórí rẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ ó sì fi físà yín sanwó àṣìṣe rẹ̀.

A kọ fọ́ọ̀mù náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo pàdé ọmọ náà níbùdókọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, báàgì lẹ́yìn. Mo bi í bí oúnjẹ ṣe rí. Ó ní wọ́n ń se jọ̀lọ́ọ̀fù lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

"Ó dùn?"

Ó ronú díẹ̀. "Kárọ́ọ̀tì ló pọ̀ nínú ẹ̀, mà. Wọn ò fi ata sí i rárá. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì."