Kí Ni Àjọ Ìjọba Yóò Fi Bá Ilé Iṣẹ́ Ńlá Wí?



Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú rárá. Ọ̀rọ̀ kóòtù ni, àti ọ̀rọ̀ àwọn àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ pé kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, kí wọ́n má baà máa fìyà jẹ mẹ̀kúnnù.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ní etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹja ni ìyá mi yan tà tó fi rán mi lọ síléèwé. Mo ti fojú ara mi rí ìgbà kan tí epo rọ̀bì bo ojú omi wa. Àwọ̀n ẹ̀gbọ́n mi dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹja ń kú, omi kò ṣeé bù mu. Ilé iṣẹ́ tó ni epo náà, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ní ẹ̀bi àwọn kọ́, pé olè ló bẹ́ páìpù àwọn. Àwa kò lówó lọ́yà. A ní ìjọba á bá wa bá wọn wí. A retí títí, a ò rí nǹkan kan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti gbọ́ ẹjọ́ tó jẹ mọ́ epo, etí mi a dúró.

Ní ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó dá àjọ NOSDRA sílẹ̀, kó máa rí sí ọ̀rọ̀ epo tó bá dà. Òfin náà sọ pé ilé iṣẹ́ tí epo rẹ̀ bá dà gbọ́dọ̀ fi tó àjọ náà létí láàárín wákàtí 24. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò san 500,000 náírà lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá palẹ̀ epo náà mọ́, yóò san mílíọ̀nù kan náírà. Nígbà tó yá, àjọ yìí ní kí ilé iṣẹ́ Mobil san owó ìtanràn lórí epo tó dà ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. Mobil kọ̀, wọ́n di kóòtù. Ẹjọ́ náà dé Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ní ọdún 2018 kóòtù náà sì dá Mobil láre. Wọ́n ní ìyà ni owó ìtanràn jẹ́, ẹni tó bá ṣẹ̀ là ń fìyà jẹ, kóòtù ló sì lè sọ pé ẹnì kan ṣẹ̀. Lọ́rọ̀ kan, àjọ ìjọba kò lè jẹ́ ẹni tó mú èèyàn, kó jẹ́ ẹni tó fẹjọ́ sùn, kó sì tún lọ jókòó sórí àga adájọ́.

Nígbà tí mo gbọ́, inú bí mi gan-an ni. Mo ní, "Ẹ ò rí i, wọ́n tún ti gbè sẹ́yìn olówó!"

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, àjọ NBC tó ń ṣọ́ rédíò àti tẹlifíṣàn bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ 45 lórí, 500,000 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Adájọ́ James Omotosho ti Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá fagi lé gbogbo rẹ̀. Ó ní NBC kì í ṣe kóòtù. Èmi tí mo fẹ́ràn rédíò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè fún ayọ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó máa lè fi owó ìtanràn pa àwọn oníròyìn wa lẹ́nu mọ́ mọ́.

Ìgbà tí ayọ̀ náà rọlẹ̀ ni mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni kóòtù sọ nínú ẹjọ́ méjèèjì. Èyí tí mo bú ní 2018 ni mo ń yìn ní 2023. Ojú tì mí díẹ̀. Nítorí náà, mi ò ní bú adájọ́ mọ́. Àwọn baba wa ló ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí a bá ní kí àjọ kan máa dá ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pè, lọ́la ó lè kan àwa náà.

Àmọ́ ṣá, ká sọ òótọ́. Nígbà tí kóòtù gba ọ̀pá lọ́wọ́ àjọ, kí ló kù tí àjọ náà yóò fi lé ajá tó ń jẹ wá? Wọ́n ní kó gba kóòtù lọ. Ta ni kò mọ bí ẹjọ́ ṣe ń falẹ̀ ní Nàìjíríà? Ilé iṣẹ́ epo á kó àgbà lọ́yà mẹ́fà, méje jáde. Wọn á sún ẹjọ́ síwájú, wọn á pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kí ìdájọ́ tó dé, àwọn tí epo ba omi wọn jẹ́ á ti darúgbó, àwọn mìíràn á ti kú. Kí tilẹ̀ ni owó tí à ń lé kiri? Mílíọ̀nù kan náírà ju 7,000 dọ́là lọ nígbà tí wọ́n ṣe òfin yẹn ní 2006. Nígbà tó fi máa di 2024, kò tó 1,000 dọ́là mọ́. Owó lọ́yà tí ìjọba máa san á ju owó tí wọ́n fẹ́ lọ gbà lọ!

Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà wà. Ẹ wo àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Òfin ọdún 2018 tó gbé e kalẹ̀ dá ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí ẹni tí ọ̀rọ̀ àjọ náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ rojọ́. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ yìí bu 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Meta lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà, wọ́n gbọ́ tọ̀tún, wọ́n gbọ́ tòsì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, kò tíì pé ọdún kan, ìgbìmọ̀ náà ní owó ìtanràn yẹn dúró. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò gbọ́ tẹnu òun.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn aṣòfin wa fún nìyẹn. Ẹ dá irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ epo, kí ẹ sì dá ọjọ́ fún un tí kò gbọ́dọ̀ kọjá kó tó dájọ́. Ẹ jẹ́ kí owó ìtanràn máa tẹ̀lé bí epo tó dà bá ṣe pọ̀ tó àti iye ọjọ́ tó fi wà nínú omi. Kí ẹ sì ya nínú owó náà sọ́tọ̀ fún àwọn tí omi wọn bàjẹ́. Àjọ náà pẹ̀lú, kí ó má kàn máa kọ lẹ́tà, kí ó kó ẹ̀rí rẹ̀ jọ dáadáa kó tó pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Wọ́n máa ń sọ fún àwa ará etí omi pé ká bá àwọn ọmọ wa tó ń bẹ́ páìpù wí. Òótọ́ ni, a óò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ wí.



Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì,
Ìgbókòdá.