Ẹ Má Fi Ìkẹ́ De Màmá Àgbà Mọ́ Àga

Gbólóhùn kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu wa nílé: "Màmá, ẹ jókòó, ẹ má ṣe wàhálà." Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá bàbá mi fi ta ẹlùbọ́ lọ́jà. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, a ní kí wọ́n fi ọjà sílẹ̀. A ra àga onítìmùtìmù fún wọn. Ọmọ kan ń bu omi, òmíràn ń gbé oúnjẹ wá, kẹ̀kẹ́ Márúwá sì ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kò jìnnà rárá. Nígbà tí mo padà sílé ní ìparí sáà, èèyàn méjì ló ń gbé wọn dìde lórí àga yẹn. Gbogbo wa ní ọjọ́ ogbó ló dé.

Èrò tèmi ni pé ọjọ́ ogbó nìkan kọ́. Àwa náà jẹ̀bi.

Níbi tí egungun méjì ti pàdé, ohun kan tó ń dán, tó sì ń yọ̀, ló bo orí wọn kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Ohun náà kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú. Inú omi tó wà láàárín oríkèé ló ti ń rí oúnjẹ. Ẹ wo fóòmù tí a fi ń fọ abọ́: bí a bá fún un, omi á jáde, bí a bá tú u sílẹ̀, á tún fa omi mu. Bẹ́ẹ̀ ni oríkèé ṣe ń jẹun nígbà tí a bá ń rìn, tí a ń bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń dìde. Ẹni tó bá jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ ń fi ebi pa orúnkún rẹ̀. Iṣan itan tó yẹ kó gbé orúnkún ró náà á sì máa rọ.

Ẹnikẹ́ni tó ti dá lápá rí, tí wọ́n fi POP dè é, mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú u, egungun ti jinná, ṣùgbọ́n ìgúnpá ò ṣe é nà. Ìgúnpá yẹn ò darúgbó láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àìlò ló jẹ́ kó gan.

Àwọn kan á ní, "Ṣé orúnkún tó ń dunni la ó tún máa fi rìn? Ṣé kò ní jẹ tán ni?" Táyà ọ̀kadà ló ń jẹ bẹ́ẹ̀. Ohun alààyè ni oríkèé. Ìrìn tó mọ níwọ̀n máa ń fún iṣan tó yí i ká lágbára, ó sì máa ń dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní làkúrègbé orúnkún. Àmọ́ bí orúnkún bá wú, tó sì gbóná, tàbí tí èèyàn ṣubú tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àwa ọ̀dọ́ ńkọ́? Láti ẹnu géètì dé kíláàsì, ọ̀kadà ni. Nígbà ìdánwò, a lè jókòó fún wákàtí mẹ́fà, ká má dìde àfi ká lọ ṣáájì fóònù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti pé ọdún 18 máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún nìyẹn. Ìrìn kíákíá ní àlọ àti àbọ̀ lè kájú rẹ̀.

A gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ físíò. Ó ní kí wọ́n máa di tábìlì mú, kí wọ́n dìde lórí àga, kí wọ́n tún jókòó, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n lè ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì ń bínú sí wa: "Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n, mi ò ní parọ́. Àmọ́ lónìí, wọ́n ń dá dìde lóru lọ sí ilé ìtọ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹ bi wọ́n bóyá ohun kékeré nìyẹn.

Bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, tí ẹ bá Màmá tàbí Bàbá àgbà yín lórí àga, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí orúnkún tiyín náà lè jẹun. Lẹ́yìn náà, ẹ na ọwọ́ sí wọn: "Ẹ jẹ́ ká jọ rìn dé iwájú ilé."